Ọdún Tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ Ń Yin Ọbẹ̀ Ìyálé Wọn

Ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìjà ata la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ladánì á ti pe ìrun àsùbá tán, àkùkọ ilé kejì á ti kọ títí ohùn ẹ̀ á fi há, ọkùnrin tó ń lọ ata lójúde á ti fa okùn ẹ̀rọ ẹ̀ títí kó tó gbaná, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbà pé ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ àfi tí Ìyá Lafiájí àti Ìyá Ẹ̀pẹ́ bá ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn nídìí iná. Ìyá Lafiájí ló bí bàbá mi. Lafiájí ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá sílé wa. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí gúgúrú tó tán lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀, ẹ ó rò pé òkè òkun ni. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó kejì, ọmọ Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà, tí wọ́n mọ ẹja ju bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi lọ. Bàbá àgbà tó fẹ́ àwọn méjèèjì ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ìyá Ẹ̀pẹ́ máa ń sọ pé ogún kan ṣoṣo tí ọkọ àwọn fi sílẹ̀ ni orogún, òun ló sì kan àwọn. Yàrá wọn kọjú síra, kọ́rídọ̀ kan ló wà láàárín, ilé ìdáná kan náà ni wọ́n ń lò. Àwọn méjèèjì ti hewú, síbẹ̀ "Ìyàwó" ni Ìyá Lafiájí ṣì ń pe Ìyá Ẹ̀pẹ́, bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé wọn wọlé.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ò ju báyìí lọ. Ìyá Lafiájí gbà pé ata gbọ́dọ̀ dín títí òróró á fi léfòó, tí gbogbo ilé á máa sín. Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbà pé ẹja ni Ọlọ́run dá, ata kàn wá kí i ni. Tí wọ́n bá gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ìyálé wọn kọjá, wọ́n á ní, "Ìyálé mi, ata yín ti kú o. Ẹ jẹ́ ká tètè sin ín, Mùsùlùmí ni wá." Ìyá Lafiájí ò ní bojú wẹ̀yìn. "Ó dáa ná. Ọbẹ̀ tìẹ tí mo rí láàárọ̀ yìí, inú ẹ̀ ni mo wò tí mo fi wé gèlè." Mọ́mì, ìyá tó bí mi, á yára kọjú sí ògiri, torí ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà ní ó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Tí oúnjẹ bá sì délẹ̀, inú abọ́ èkejì ẹ̀ ni ìyá kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá Lafiájí ló ń se ìkòkò ńlá, ìrẹsì àti ata díndín, sàráà fún àwọn ọmọ àdúgbò àti ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ́ṣáláṣí yà. Ìyá Ẹ̀pẹ́ á gbé àpótí ti ìkòkò náà, wọ́n á máa bú u títí tí yóò fi jinná. Nísinsìnyí tí mo ń dáná fún ara mi nínú yàrá kan ní Ẹ̀búté Mẹ́tà, tí kò sí ẹni tó ń bú ìkòkò mi, mo ti wá mọ̀ pé èébú yẹn wà lára ohun tó ń mú ọbẹ̀ dùn.

Ọdún tí kòrónà dé, ìjọba ní kónílé-ó-gbélé. Ọbaléńdé tí ariwo kì í tán níbẹ̀, wọ́n ní èèyàn lè tẹ́ ẹní sójú títì. Ibùdókọ̀ CMS dá páropáro. Inú àwa ọmọdé dùn, kò sílé-ìwé, a ń ṣeré káàkiri agboolé. Ìgbà yẹn ni Ìyá Lafiájí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. A ní ibà ni. Wọ́n mu àgbo, wọ́n fi òrí pa àyà, ikọ́ ò lọ. Nígbà tó yá, wọn ò lè sọ gbólóhùn kan tán kí wọ́n má sinmi. Dádì pe nọ́ńbà tí wọ́n ń kà lórí rédíò, ọkọ̀ aláìsàn dé, àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀ wọ funfun látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú wọn ò hàn. Gbogbo fèrèsé àdúgbò ló ṣí. Ìyá Ẹ̀pẹ́ tẹ̀ lé ìyálé wọn dé ẹnu géètì, àwọn aláṣọ funfun ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá aláìsàn lọ. Ìyá Ẹ̀pẹ́ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lọ́wọ́ títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà. Lọ́sibítù, wọ́n ki rọ́bà bọ Ìyá lọ́fun, ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. A ò lè lọ wò wọ́n. Fóònù Dádì ló máa ń dún nírọ̀lẹ́, ohùn kan á ní, "Wọ́n ṣì wà," gbogbo wa á sì ṣe àmín bí ẹni pé àdúà ni wọ́n ṣe fún wa.

Ọlọ́run ṣe é, Ìyá yè. Dókítà ní ká máa dúpẹ́, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó wọ yàrá yẹn ni kò jáde. A dúpẹ́. Dádì pàgbò. Àmọ́ mi ò tètè mọ ẹni tí wọ́n mú sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá tó ń dá gbé ìkòkò Jímọ̀ ni wọ́n dì mú lápá méjèèjì. Tí wọ́n bá rìn láti yàrá dé balùwẹ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu kọ́rídọ̀, wọ́n á ní ojú ọ̀run làwọn ń wò. Mo gbà pé òótọ́ ni, èmi náà á bá wọn wò ó. Ohùn wọn há. Irun wọn ń já sínú kóòmù. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níwájú ilé wa tó ní ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ̀rọ náà á máa ké pín, pín, pín, Ìyá á di apá àga mú títí yóò fi dákẹ́. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ ọsibítù ṣe ń ké nìyẹn, pé nígbà míì tó bá dákẹ́ nídìí ibùsùn ẹlòmíì, àwọn á mọ̀ pé ó ti parí. Dádì lọ bẹ oníṣọ́ọ̀bù, ó bá wa gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Èyí tó wá dun Ìyá jù lọ ni ti ahọ́n àti imú. Iyọ̀ ò jọ iyọ̀ lẹ́nu wọn mọ́. Irú tí gbogbo àdúgbò ń gbóòórùn ẹ̀, ó dọ́wọ́ wọn, wọn ò gbóòórùn nǹkan kan.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ wọn. Nílé wa, ọmọ tó bá jẹ́ kí àgbà gbé kẹ́tùlù, àbùkù ìyá ẹ̀ ni. Tí Ìyá bá mú ìgbálẹ̀, èmi á gbà á. Tí wọ́n bá ń ká aṣọ, Mọ́mì á ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jókòó." Tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀tàn, a ó ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí wọ́n má lo èémí wọn tán. Ẹ jókòó, ẹ sinmi, ẹ má ṣe nǹkan kan: mo rò pé mo gbọ́ ìyẹn lọ́dún náà ju orúkọ mi lọ. Ìfẹ́ ni. Tí mo bá rò ó nísinsìnyí, mo rí i pé a gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ Ìyá tán, a tún wá ń ṣe kàyéfì pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló sì ṣe é jù. Láàárọ̀, wọ́n á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ bá ìyálé wọn, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ jí ire, ìyá mi." Ìyá mi, ẹ gbọ́ o. Nídìí iná, kò sẹ́ni tó ń bú ìkòkò ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé wa wá dákẹ́ láàárọ̀ débi pé a ń gbọ́ ìgbà tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí.

Ìkòkò Jímọ̀ nìkan ni Ìyá ò jẹ́ ká gbà. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ranlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n gbé àga àwọn lọ sílé ìdáná. Dádì fẹ́ kọ̀. Ìyá ní, "Fi mí sílẹ̀. Mo wà láyé, mi ò mọ̀ pé mo wà. Tí mo bá se ti Jímọ̀, tó dùn bó ṣe máa ń dùn, màá mọ̀ pé èmi náà ni mo padà wá." Ohun tí wọ́n ń wá lọ́dún yẹn nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò lè tọ́ ọbẹ̀ wò fúnra wọn, ojú ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀, wọ́n wá gbára lé ahọ́n wa. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, iyọ̀ pọ̀ débi pé etí mi ń hó. Dádì gbé ṣíbí kan mì, omi lé sójú ẹ̀.

"Ṣé ó dùn?" ni Ìyá bi í.

"Ó dùn gan-an, Màmá. Ọwọ́ yín náà ni."

Ó mu omi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Mọ́mì ní ó dùn. Èmi náà ní ó dùn, àbí ta ni mí? Lọ́sẹ̀ kejì, kò síyọ̀ nínú ẹ̀ rárá. Ó dùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ata jóná, èéfín gba gbogbo kọ́rídọ̀, Ìyá ò gbóòórùn ẹ̀, a ń wúkọ́ a ń sọ pé ó dùn. Ta ló máa wojú àgbà tó ti ẹnu ikú bọ̀, tó wá ní ọbẹ̀ wọn ò ṣeé jẹ? Àwọn ọmọ àdúgbò á fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á yí kọ́nà, ewúrẹ́ ilé kejì ló ń jẹ ìyókù. Ewúrẹ́ yẹn sanra lọ́dún náà.

Nọ́ọ̀sì kan ti ní kí Ìyá máa gbóòórùn nǹkan láràárọ̀, pé bóyá imú á rántí. Èmi ni mo ń gbé wọn wá fún wọn: èèpo ọsàn, kànáfùrù, àti irú nínú ìgò kékeré. Ìyá á di ojú, wọ́n á fà á símú títí àyà wọn á fi gbé sókè.

"Ràfíá, ó ń rùn?"

"Ó ń rùn, Ìyá."

"Dáadáa?"

"Ó ń rùn burúkú."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ yìí, tó bá jẹ́ ti irú, o máa ń sọ òótọ́ fún mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi nígbà náà. Mo kàn pa ìgò náà dé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, iyọ̀ tún pọ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ jẹ tiwọn tán láì sinmi, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Ìyálé mi, ọbẹ̀ yín dùn. Mi ò jẹ irú ẹ̀ rí láyé mi." Ìyá gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n wo Ìyá Ẹ̀pẹ́ títí, wọ́n dìde láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àwọn mú, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo gbé omi tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sógiri. "Látìgbà tí bàbá ẹ ti wà lẹ́yìn mi ni mo ti ń bá obìnrin yẹn jẹun," ni wọ́n wí. "Kò yin ọbẹ̀ mi rí. Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ ń gbéyàwó, níwájú àwọn àna, ó ní ata mi jóná. Òun ló wá ń yìn mí yìí. Ràfíá, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Wọ́n ti ń sọ mí dère nínú ilé yìí. Mo ti kú, wọn ò kàn tíì sọ fún mi ni." Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo ń wọ́ ọ fún wọn títí wọ́n fi sùn.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti pa gbogbo ẹ̀ tì. Wọn ò se ti Jímọ̀ mọ́. Tí mo bá gbé ìgò irú wá, wọ́n á ní kí n gbé e padà. Wọn ò jáde sí kọ́rídọ̀, oògùn tí Mọ́mì gbé kalẹ̀ á wà lórí tábìlì bó ṣe wà. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n padà sí ọsibítù pé, wọ́n ní àwọn ò lọ. Dádì kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Wọ́n á fún mi ní èémí, mo mọ̀. Kí ni kí n fi ṣe?" Dádì jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí ẹ̀rọ ń bá ìyá ẹ̀ mí. Dókítà ti kìlọ̀ pé tí wọ́n bá ń dùbúlẹ̀ ṣáá, àyà wọn á tún dí, àti pé ẹni tó bá padà sídìí ẹ̀rọ yẹn pẹ̀lú irú ara yẹn, ọwọ́ Ọlọ́run ló kù. Ìyá tí ikú ò rí mú lọ́sibítù ti wá ń lọ lójú wa, lórí ibùsùn ara wọn, láàárín àwa tí a fẹ́ràn wọn.

Mo lọ bá Ìyá Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń ha ìpẹ́ ẹja. Mo sọ ohun tí Ìyá sọ fún mi, títí dé orí ọ̀rọ̀ ère. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn. "Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn lọ," ni wọ́n wí, "mo ti bú wọn. Mo ní ata wọn lè lé èṣù jáde nínú ilé. Wọ́n ń wúkọ́, mo rò pé èsì tí wọ́n fẹ́ fún mi ló há wọn lọ́fun. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn gbéra, mo fi Ọlọ́run búra lẹ́nu géètì pé tó bá dá wọn padà fún mi, ẹnu mi yìí ò tún ní tàbùkù wọn láé. Ó sì dá wọn padà. Ṣé kí n wá yẹ àdéhùn ni? Tí Ọlọ́run bá ní òun náà ń gba tòun padà ńkọ́?" Ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ti rò pé inú rere lásán ni gbogbo ìkúnlẹ̀ àti "ìyá mi" yẹn. Ẹ̀rù ni.

Mọ́mì tó ń sá aṣọ nítòsí ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó fi ìborùn borí, ó fa Ìyá Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́ lọ bá Ààfáà mọ́ṣáláṣí wa, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ààfáà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní ìbúra tó bá ń pa ẹlòmíì lára, kí èèyàn yẹ̀ ẹ́, kó bọ́ aláìní mẹ́wàá fún ìtánràn, Ọlọ́run aláàánú ni. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní, "Ààfáà, ó rọrùn lẹ́nu yín. Kì í ṣe ìyálé tiyín."

Dádì ti pe Ààfáà pé kó wá ṣe àdúà fún Ìyá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ó sì bẹ Ìyá pé kí wọ́n bá òun se ìkòkò àlejò náà. Ìyá ní, "Ó dáa. Màá sè é. Kó jẹ́ àsèkẹ́yìn." A tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀, Ààfáà ṣàdúà, Mọ́mì bu oúnjẹ. Ìyá jókòó sórí àga wọn, wọn ò tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni bóyá ó dùn. Dádì ló fúnra ẹ̀ sọ ọ́. "Màmá, ó dùn." Ààfáà ní, "Máṣáállà," ó sì na ọwọ́ sí omi. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń gbé ètè wọn, ohùn ò jáde, mo mọ̀ pé àdúà ni. Wọ́n fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n gbé e mì.

"Ìyálé mi."

"Hùn."

"Ta ló se iyọ̀ yìí tó gbàgbé láti bu ọbẹ̀ sí i?"

"Ìyá Ẹ̀pẹ́, kí lẹ̀ ń sọ yẹn?" ni Dádì wí. Mọ́mì di orúnkún Dádì mú pé kó dákẹ́.

Ìyá gbé orí sókè. "Kí lo sọ?"

"Mo ní iyọ̀ ni mo ń jẹ. Tí ẹja òkun bá bọ́ sínú ẹ̀, á rò pé òun ti délé. Ata yín tún ti jóná nídìí." Omijé ti ń ṣàn lójú Ìyá Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò dúró. "Láti Jímọ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni gbogbo wa ń pa fún yín. Ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́."

"Ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́, ìyálé mi. Ó ti sanra."

Ìyá yíjú sí Dádì. "Ṣé òótọ́ ni?"

Dádì wo Ààfáà, Ààfáà wo ilẹ̀. "Òótọ́ ni, Màmá. Ẹ má bínú."

Èjìká Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò sí nílé wa láti ọjọ́ tí ọkọ̀ funfun ti dé. Ó di ikọ́, Mọ́mì dìde láti dì wọ́n mú, wọ́n fọwọ́ tì í pé kó jókòó.

Ahọ́n Ìyá ò tíì padà tán títí di òní tí mò ń sọ ọ́ yìí. Ó dé ìdajì, wọ́n ń mọ ọsàn, wọ́n ń mọ iyọ̀ tó bá pọ̀, wọ́n ṣì ń sinmi lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló ń tọ́ ọbẹ̀ Jímọ̀ wò fún wọn, Ìyá á ní, "Ó kù kí ni?" Ìyá Ẹ̀pẹ́ á sọ ohun tó kù, wọ́n á sọ ọ́ pẹ̀lú èébú. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ fẹ́ bọ́ àwọn aláìní mẹ́wàá, Ìyá ò jẹ́ kí wọ́n fi ọbẹ̀ olómi bọ́ wọn, wọ́n ní Ọlọ́run ò ní gba ìtánràn bẹ́ẹ̀. Ìjà ńlá ni. Àwọn aláìní náà jókòó, wọ́n ń retí.

Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ẹ̀rín àti ikọ́ tán, Ìyá fi etí ìborùn nu ojú. Wọ́n wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá wo Ìyá Ẹ̀pẹ́.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "gbogbo ìgbà tí ẹ ti ń rí mi nílé yìí, mi ò tíì dé. Òní ni mo ti ọsibítù dé."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ káàbọ̀, ìyálé mi."